Ìlara Lórí Àdúrà: Ohun Tí Àwọn Júù Ń Pè Ní Kin’ah

Ká sọ pé ọ̀rẹ́ méjì jọ padà sídìí ẹ̀sìn Júù lọ́dún kan náà. Júù ni wọ́n bí wọn, àmọ́ nínú ilé tí wọ́n ti dàgbà, wọn kì í pa Ọjọ́ Ìsinmi mọ́, kò sì sẹ́ni tó kọ́ wọn ní àdúrà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ọ̀kan ti ń ka Tálímúdù, ìwé ńlá tí àwọn rábì àtijọ́ kó òfin àti àríyànjiyàn wọn jọ sí, bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Tó bá dúró láti gbàdúrà, á di ojú, á máa mì síwá sẹ́yìn, ẹni tó bá wò ó á mọ̀ pé ọkàn rẹ̀ ti kúrò láàárín èèyàn. Èkejì ṣì ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ Hébérù lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó tó ka ìlà mẹ́ta, gbogbo sínágọ́gù ti ṣí ojú ìwé tó kàn.

Ẹni tó ń fìka tọ ìwé yìí kò fẹ́ gba owó ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò fẹ́ gba ọkọ̀ rẹ̀. Àdúrà rẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́ lójú. Inú rẹ̀ ń dùn sí i, inú náà ló tún ń ta á. Nígbà míì, á máa wù ú kí ọ̀rẹ́ òun ṣìṣe lẹ́ẹ̀kan péré, kó ka ọ̀rọ̀ kan sódì, kí gbogbo ìjọ sì gbọ́. Ojú á wá tì í. Ta ló ń ṣe ìlara lórí àdúrà?

Ọ̀pọ̀ èèyàn ni, láti ayé Kéènì àti Ébẹ́lì wá. Ìjà àkọ́kọ́ tó wà nínú Bíbélì kì í ṣe ìjà ilẹ̀, kì í ṣe ìjà obìnrin. Ìjà ẹbọ ni. Ọlọ́run gba ti àbúrò, kò gba ti ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n sì gbé ọwọ́ lé àbúrò.

Bí ọkùnrin wa yìí bá lọ wá ìdáhùn nínú ìwé àwọn baba rẹ̀, ìdáhùn méjì tó jọ pé wọ́n ń bá ara wọn jà ló máa kọ́kọ́ bá pàdé. Nínú Pirkei Avot, níbi tí àwọn àgbà Júù kó ọ̀rọ̀ ìwà jọ sí, Rábì Elazar HaKappar sọ pé ohun mẹ́ta ló ń lé èèyàn kúrò láyé: ìlara, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ àti wíwá ọlá. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan rọ̀ ọ́. Àmọ́ nínú Tálímúdù, ní apá tí wọ́n ń pè ní Bava Batra, gbólóhùn kan wà tó ti di òwe lẹ́nu àwọn Júù: kin’at soferim tarbeh chochmah, ìyẹn ni pé ìlara àwọn olùkọ́ a máa mú ọgbọ́n pọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ kan náà, kin’ah, ló wà níbi méjèèjì. Ọ̀kan ní ó ń pani, èkejì ní ó ń lani lóye.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀, ó sì rọrùn fún ọmọ Yorùbá láti rí i. Àwa ní ìlara, a ní owú, a ní ìtara, a kì í sì í fi ọ̀kan pe èkejì. Owú ni ti ẹni tó ti ní nǹkan, tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn bá òun pín in. Ìlara ni ti ẹni tí kò ní, tó ń fi ojú burúkú wo ẹni tó ní. Ìtara ni iná inú tó ń gbé èèyàn dìde kó lọ ṣiṣẹ́. Hébérù kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa fi ní láti máa ṣa ọ̀rọ̀ yàn láti ẹsẹ dé ẹsẹ. Nínú Òfin Mẹ́wàá, Ọlọ́run owú ni wọ́n kọ. Nígbà tí Rákélì rí i pé òun kò bímọ, wọ́n ní ó ṣe ìlara. Nígbà tí Èlíjà ń ráhùn ní òkè Hórébù, wọ́n ní ó ń jowú fún Olúwa. Tó bá di Orin Dáfídì 69, ìtara ilé Olúwa ló jẹ onípsálmù run. Gbòǹgbò kan ṣoṣo ni ní Hébérù níbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Torí náà, Júù tó bá sọ fún rábì rẹ̀ pé òun ní kin’ah sí ọ̀rẹ́ òun kò tíì sọ bóyá òun ṣe rere tàbí búburú. Rábì máa ní láti bi í léèrè síwájú sí i.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ yẹn, torí mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi òwe náà lò. Wọ́n á yọ ọ́ bí ẹni yọ ìwé ẹ̀rí, wọ́n á ní ṣebí àwọn àgbà ti sọ pé ìlara nínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run dára. Ẹ lọ wo ibi tó ti jáde. Ọ̀rọ̀ iléèwé àwọn ọmọdé ni wọ́n ń sọ lọ́wọ́ níbẹ̀. Wọ́n rántí àlùfáà àgbà kan, Yehoshua ben Gamla, tí Tálímúdù yìn pé bí kì í bá ṣe òun ni, Tórà, ìyẹn Òfin Mósè, ì bá ti di ìgbàgbé ní Ísírẹ́lì. Ṣáájú rẹ̀, ọmọ tó ní bàbá ni bàbá ń kọ́. Ọmọ òrukàn kò rí ẹni kọ́ ọ. Òun ló wá pàṣẹ pé kí olùkọ́ wà ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa mú ọmọ wọlé láti ọdún mẹ́fà tàbí méje. Lẹ́yìn náà ni Rava, ọ̀kan lára àwọn rábì inú Tálímúdù, wá ṣe ìṣirò: olùkọ́ kan fún ọmọ 25, tí wọ́n bá di 40, kí wọ́n wá igbákejì fún un, tí wọ́n bá pé 50, kí wọ́n gba olùkọ́ méjì. Ẹ wò ó, àwọn iléèwé kan ṣì wà lónìí tí kò tíì bá ìṣirò yẹn.

Ìbéèrè wá yọjú. Bí olùkọ́ kan bá wà tó ń kọ́ni dáadáa, tí òmíràn tó mọ̀ ọ́n kọ́ jù ú lọ sì yọjú, ṣé kí ìlú yọ ti àkọ́kọ́ kúrò? Rava ní ká má yọ ọ́, torí tí èkejì bá rí i pé kò sẹ́ni tó lè bá òun dù ú mọ́, ọ̀lẹ á mú un. Rav Dimi, ará Nehardea, ní rárá o, ṣe ni yóò tún tẹra mọ́ṣẹ́ sí i, torí ìlara àwọn olùkọ́ a máa mú ọgbọ́n pọ̀ sí i. Ibi tí gbólóhùn náà ti wáyé nìyẹn: níbi tí wọ́n ti ń ṣètò bí wọ́n á ṣe gba olùkọ́.

Ojú ìwé tó tẹ̀ lé e gbé e síwájú sí i. Rav Huna sọ pé bí ẹnì kan bá ti ń fi ọlọ lọkà fún àwọn èèyàn nínú ọ̀nà ilé kan, tí ará ọ̀nà ilé náà mìíràn sì fẹ́ gbé ọlọ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ lè dí i lọ́wọ́, á sì sọ pé: o fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu mi. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní ṣọ́ọ̀bù rí, tí wọ́n sì ṣí irú rẹ̀ sí òdìkejì títì, mọ bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe ń dunni. Àmọ́ wọ́n ní Rav Huna kan náà gbà pé olùkọ́ Tórà kò lè dí olùkọ́ Tórà lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ hàn kedere sí mi. Àwọn oníbàárà ọlọ níye. Tí ọ̀kan bá lọ sọ́dọ̀ èkejì, ó ti lọ nìyẹn. Tórà kì í tán lọ́wọ́ ẹni nítorí pé ẹlòmíràn ti bù nínú rẹ̀. Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfarakanra.

Torí náà, ẹni tó jèrè nínú òwe yẹn ni ọmọ tó jókòó síwájú olùkọ́. Wọ́n ní ọgbọ́n á pọ̀ sí i. Wọn kò sọ pé oorun á máa dùn mọ́ olùkọ́ tó ń ṣe ìlara, wọn kò sì pè é ní olódodo. Àwọn àgbà mọ̀ pé iná wà nínú èèyàn, wọ́n sì gbé ìkòkò ọbẹ̀ àwọn ọmọ lé e lórí. Kí iná tó ń se ọbẹ̀ má ba ilé jẹ́, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Rábì Moshe Chaim Luzzatto, tí ìwé rẹ̀ lórí ìwà jáde ní Amsterdam ní 1740, kò fi bò pé òmùgọ̀ ni aṣèlara: kò jèrè nǹkan kan fún ara rẹ̀, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe ìlara sí, ara rẹ̀ nìkan ló ń pa lára.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ Rákélì, torí òun ni àpẹẹrẹ tí àwọn olùkọ́ Júù máa ń kọ́kọ́ mú jáde tí ìlara bá ti kan ọ̀rọ̀ ìwà-bí-Ọlọ́run. Gbogbo wa la mọ ìtàn náà: tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọkọ kan, Léà ń bímọ, Rákélì ń wò. “Òrìṣà jẹ́ n pé méjì, obìnrin kò dénú.” Ọmọ Yorùbá tó bá ka ẹsẹ yẹn á sọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ọmọ ló ń ṣe ìlara sí. Rashi, ọmọwé ará Troyes ní ilẹ̀ Faransé tó gbé ayé láti 1040 sí 1105, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní iṣẹ́ rere ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Rákélì ń ṣe ìlara sí. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé: tí kì í bá ṣe pé ẹ̀gbọ́n mi ṣe òdodo jù mí lọ ni, wọn ì bá má fún un lọ́mọ.

Rashi fẹ́ gba orúkọ Rákélì là, ìyẹn dá mi lójú. Kò fẹ́ kí ìyá ńlá Ísírẹ́lì jẹ́ onílara lásán. Àwọn Júù sì ti fi àlàyé rẹ̀ ṣe òfin ìwà: ìlara tó bá wo iṣẹ́ tí ẹnì kejì ṣe, tí kò sì wo èrè tó gbà, a lè fàyè gbà á. Ẹni tó ń wo iṣẹ́ lè lọ ṣe irú rẹ̀. Ẹni tó ń wo èrè kò ní nǹkan tó máa ṣe ju kó máa ráhùn lọ. Ó dára. Àmọ́ ẹ ka ìyókù ẹsẹ náà. Ọ̀rọ̀ tí Rákélì sọ lẹ́yìn ìlara mímọ́ yìí ni pé kí Jákọ́bù fún òun lọ́mọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á kú, Jákọ́bù sì bínú sí i. Ìlara tí wọ́n fàyè gbà pàápàá kò pẹ́ tó fi di ariwo láàárín tọkọtaya.

Rákélì kan náà yìí ni Tálímúdù sọ nípa rẹ̀, ní apá Megillah, pé Jákọ́bù ti fún un ní àmì tó máa fi dá a mọ̀ lálẹ́ ìgbéyàwó, torí Jákọ́bù mọ̀ pé Lábánì lè tan òun jẹ. Nígbà tí wọ́n ń mú Léà wọlé dípò rẹ̀, Rákélì wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní ìtìjú máa bò ó báyìí, ló bá fi àmì náà lé e lọ́wọ́. Ẹni tó fi ọkọ sílẹ̀ kí ojú má ti ẹ̀gbọ́n òun ni ẹni tó wá ń ṣe ìlara ẹ̀gbọ́n náà lẹ́yìn náà. Èèyàn kan ṣoṣo ni.

Ní aginjù, ọ̀rọ̀ yìí tún wáyé lọ́nà mìíràn. Ẹ̀mí bà lé ọkùnrin méjì, Élídádì àti Médádì, wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀ láàárín ibùdó. Jóṣúà, ọmọ ẹ̀yìn Mósè, gbọ́, inú bí i nítorí ọ̀gá rẹ̀, ó ní kí Mósè dá wọn lẹ́kun. Mósè bi í bóyá ó ń jowú nítorí òun ni, ó ní ì bá wu òun kí gbogbo ènìyàn Olúwa jẹ́ wòlíì. Kin’ah náà ló wà níbẹ̀. Àwọn tó ń tẹ̀ lé olórí ẹ̀sìn máa ń ní irú ìlara yìí gan-an: kì í ṣe nítorí ara wọn, nítorí bàbá wọn ni, kí ẹlòmíràn má bàa tàn ju bàbá lọ. Mósè kò gbà á. Kórà ní tirẹ̀ ń wá a fún ara rẹ̀. Ipò àlùfáà ló ń wù ú, ó sì fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó, pé gbogbo ìjọ ló jẹ́ mímọ́, kí ló dé tí Mósè àti Áárónì gbé ara wọn ga? Òun àti 250 ọkùnrin tó gbé àwo tùràrí kò parí rẹ̀ dáadáa, ìyókù wà nínú Númérì orí 16.

Mósè tó dáhùn bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ Élídádì, àwọn àgbà kò jẹ́ kó lọ láìdán an wò. Ìtàn kan wà nínú Devarim Rabbah, ìwé àtijọ́ tí àwọn rábì fi ṣàlàyé Diutarónómì, èmi sì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo èyí tó kù lọ. Ọjọ́ ikú Mósè ti pé. Ó bẹ Ọlọ́run pé kí Jóṣúà gba ipò òun, kí òun ṣáà wà láàyè. Ọlọ́run ní ó dára, kó máa ṣe sí Jóṣúà bí Jóṣúà ti ń ṣe sí i. Mósè bá jí ní kùtùkùtù, ó lọ sílé Jóṣúà. Ẹ̀rù ba Jóṣúà nígbà tó rí ọ̀gá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n jọ jáde, Mósè sì ń rìn lápá òsì bí ọmọ ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n wọ inú àgọ́, ọ̀wọ̀n ìkùukùu sọ̀ kalẹ̀, ó pààlà sáàárín wọn. Nígbà tó gòkè lọ, Mósè bi Jóṣúà pé, “Kí ni ó sọ fún ọ?” Jóṣúà dá a lóhùn pé, “Nígbà tó ń bá yín sọ̀rọ̀, ǹjẹ́ èmi máa ń mọ ohun tó sọ?”

Mósè bá kígbe pé kí òun kú ní ọgọ́rùn-ún ìgbà, ó sàn ju kí òun ṣe ìlara lẹ́ẹ̀kan lọ. Ó ní títí di ìsinsìnyí, ẹ̀mí ni òun ń tọrọ. Kí Ọlọ́run wá gba ẹ̀mí òun báyìí.

Ohun tó mú kí ìtàn yìí lágbára ni pé Tálímúdù ti sọ níbòmíràn, ní apá Sanhedrin, pé gbogbo èèyàn ni èèyàn máa ń ṣe ìlara sí, àfi ọmọ rẹ̀ àti ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Jóṣúà sì nìyí, ọmọ ẹ̀yìn Mósè. Ẹni tó bá jókòó sí sínágọ́gù tí inú rẹ̀ ń ta á nítorí àdúrà ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò dá nìkan wà. Ẹni tó gba Tórà ní Sínáì ti jókòó sórí ìjókòó yẹn rí.

Ohun kan wà tó ń mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i: bí Tórà kò tilẹ̀ ní òǹkà, iyì inú sínágọ́gù ní òǹkà. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, èèyàn méje ni wọ́n ń pè síwájú sídìí ìwé Tórà, ọmọ ìdílé àlùfáà ló máa ń kọ́kọ́ jáde, ọmọ Léfì ló tẹ̀ lé e. Kí ni kó ṣẹ́ kù fún àwọn ìyókù? Láyé àtijọ́ ní ìlà oòrùn Yúróòpù, àwọn ìjókòó tó wà lẹ́bàá ògiri ìlà oòrùn, ní ìhà Jerúsálẹ́mù, ti àwọn ọlọ́lá ni. Ẹni tó bá ń wo ògiri yẹn láti ẹnu ọ̀nà lè rò pé ìwà-bí-Ọlọ́run ló ń wu òun, kó sì jẹ́ àga ni.

Èyí ló tún ń bí àfarawé. Ẹni tó ń ṣe ìlara kò lè rí inú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ohun tó hàn lóde ló máa mú: aṣọ dúdú, àdúrà gígùn, òfin oúnjẹ tó le ju ti gbogbo ìjọ lọ. Àwọn àgbà ní orúkọ fún un, yuhara, ìyẹn kí èèyàn gbé ẹ̀sìn tó ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ sórí ní gbangba. Ìtàn rẹ̀ tó pani lẹ́rìn-ín jù wà ní Bava Kamma, apá Tálímúdù mìíràn. Ọkùnrin kan, Eliezer Ze’ira, wọ bàtà dúdú, ó dúró ní ọjà Nehardea. Àwọn òṣìṣẹ́ olórí àwọn Júù ilẹ̀ Bábílónì bi í pé kí ló dé tó fi wọ bàtà bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ń ṣọ̀fọ̀ Jerúsálẹ́mù ni. Wọ́n ní, ìwọ ta ni tí o fi tó ẹni tí í ṣọ̀fọ̀ Jerúsálẹ́mù? Ni wọ́n bá jù ú sẹ́wọ̀n. Ó ní èèyàn ńlá ni òun. Wọ́n ní báwo ni àwọn ṣe máa mọ̀? Ọ̀rọ̀ di ìdánwò, wọ́n ń bi ara wọn ní ìbéèrè lórí ẹni tó gé èso ọ̀pẹ déètì olóhun, títí wọ́n fi gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rábì ńlá kan, Shmuel, tó sì ní Eliezer ló jàre. Wọ́n tú u sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ bàtà kò tún jẹ yọ mọ́. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ló gbà á là.

Láyé ìsinsìnyí, kò sí ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn tó Daf Yomi, ètò kíka Tálímúdù lójoojúmọ́. Rábì Meir Shapiro ló dá a lábàá níbi àpérò kan ní Vienna ní 1923: kí gbogbo Júù níbi gbogbo máa ka ewé Tálímúdù kan lójúmọ́, ewé kan náà lọ́jọ́ kan náà. Ewé 2,711 ni gbogbo rẹ̀, nǹkan bí ọdún méje àtààbọ̀ ni wọ́n fi ń kà á tán. Ní January 1, 2020, nǹkan bí 90,000 èèyàn kún pápá ìṣeré MetLife ní New Jersey láti ṣe àjọyọ̀ ìparí ìgbà kẹtàlá, ìgbà kẹrìnlá sì bẹ̀rẹ̀ ní January 5. Ohun tó dára nínú ètò yìí ni pé oníṣòwò àti rábì jọ wà lójú ewé kan náà. Kò sẹ́ni tó ṣáájú. Síbẹ̀, ẹ̀dá èèyàn ń wá ọ̀nà. Wọ́n á bi ara wọn pé: ìgbà kelòó rẹ nìyí?

Ọkùnrin tó ń fi ìka tọ ìwé kò sì mọ̀ pé àwọn kan ń wo òun náà. Àwọn tí wọ́n bí sínú ilé ẹ̀sìn, tí wọ́n ti ń ka àdúrà láti kékeré títí tí ẹnu wọn fi ń sáré kọjá lórí rẹ̀, máa ń wo àwọn tó padà wá, tí wọ́n ń pè ní baalei teshuva, pẹ̀lú ìlara tiwọn: iná tó wà lójú ẹni yìí, ibo ni tiwa lọ? Nínú Tálímúdù, Rábì Abbahu sọ pé ibi tí àwọn tó ronú pìwà dà dúró sí, àwọn olódodo látilẹ̀wá kò lè dúró síbẹ̀. Rábì Yochanan kò gbà; lójú tirẹ̀, olódodo ló ga jù. Wọn kò bá ara wọn parí rẹ̀. Tí àwọn àgbà pàápàá kò bá lè sọ ẹni tó ga jù nínú àwọn méjèèjì, mi ò rí bí àwọn ọ̀rẹ́ méjì lórí bẹ́ǹṣì kan ṣe máa mọ̀ ọ́n.

Àwọn Hasid, ẹgbẹ́ ẹlẹ́sìn kan láàárín àwọn Júù, ní ìtàn kúkúrú kan tí wọ́n ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Rábì Zusya ti Hanipol, tó kú ní 1800, ni wọ́n ní ó sọ pé nígbà tí òun bá dé ọ̀run, wọn kò ní bi òun pé kí ló dé tí òun kò jẹ́ Mósè. Wọ́n á bi òun pé kí ló dé tí òun kò jẹ́ Zusya. Lédè àwọn ọmọ ìwòyí: má fi aago aláago ṣiṣẹ́. Mo gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó máa ń dà bíi pé ìtàn náà ti rọrùn jù, torí ẹni tí kò tíì mọ Hébérù kà lè fara pa mọ́ sẹ́yìn Zusya, kó ní bí Ọlọ́run ṣe dá òun nìyí. Ọmọ ìyá Zusya, Rábì Elimelech ti Lizhensk, tó kú ní 1787, fi nǹkan tó nira díẹ̀ sílẹ̀. Àdúrà kan ni, tí ọ̀pọ̀ ń kà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà àárọ̀. Ó bẹ Ọlọ́run pé kó gba wa lọ́wọ́ ìlara ẹnìkan sí ẹnìkejì, kí ìlara ẹlòmíràn má wọ ọkàn wa, kí tiwa náà má wọ ọkàn ẹlòmíràn. Kàkà bẹ́ẹ̀, kí kálukú máa rí ìwà rere ọ̀rẹ́ rẹ̀, kó má rí àléébù rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kò ní kí wọ́n má wo ọ̀rẹ́ mọ́. Ó ní kí wọ́n wò ó dáadáa.

Iléèwé Tórà náà ní ọ̀nà tirẹ̀, ó sì ti pẹ́: chavruta. Èèyàn méjì, ìwé kan, tábìlì kan, wọ́n á máa ka ìwé náà síta, wọ́n á máa bá ara wọn jiyàn. Ẹni tó ń ṣe ìlara sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí Tálímúdù lè tọ̀ ọ́ lọ, kó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jọ máa kà á ní wákàtí kan lọ́sẹ̀.” Ojú á kọ́kọ́ tì í. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ó lè wá gbọ́ láti ẹnu ọ̀rẹ́ náà pé òru mélòó ni kò fi sùn lórí ewé kan, àti pé ní àwọn ọjọ́ kan, nígbà tó bá di ojú níbi àdúrà, oorun ni.

Bí ìlara náà kò bá tíì kúrò, Yom Kippur, Ọjọ́ Ètùtù, á dé. Àwọn Júù á gbààwẹ̀ fún nǹkan bí wákàtí 25, wọ́n á sì máa ka Al Chet, ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, léraléra láti alẹ́ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Lọ́dọ̀ àwọn Júù ìlà oòrùn Yúróòpù, ìlà 44 ni, wọ́n to wọ́n tẹ̀ lé ááfábẹ́ẹ̀tì Hébérù, méjì méjì fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá dé lẹ́tà tsadi, ẹ̀ṣẹ̀ tzarut ayin wà níbẹ̀: ojú híhá, ojú tí ire ẹlòmíràn kò lè gbà kọjá. “A” ni wọ́n fi ń kà á, kì í ṣe “mo”. Gbogbo ìjọ á dìde dúró, kálukú á fi ẹ̀ṣẹ́ lu àyà rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin wa á fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà, á kà á, á lu àyà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ojú dídì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà ń lu tirẹ̀.